Ìgbín Mẹ́fà, Owó Oṣù Kan: Kí Gan-an Là Ń Sanwó Fún Nílé Oúnjẹ Faransé?

Ẹ ṣí Instagram lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí wọn. Àwo funfun tó fẹ̀ bí òṣùpá, oúnjẹ bíńtín tó jókòó sáàárín rẹ̀, ife wáìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná tó ń tàn bàìbàì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tọ́ dàgbà ló kún inú fọ́tò náà. Ilé oúnjẹ Faransé ti di ibi tí à ń lọ ṣe ọjọ́ ìbí, ibi tí à ń mú ẹni tí a fẹ́ fẹ́ lọ, ibi tí à ń lọ jókòó sí tí wọ́n bá gbé wa ga níbi iṣẹ́. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ tí ìwé owó bá dé orí tábìlì, kí gan-an là ń sanwó fún? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀kà-Àkókó ni mí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ yìí ní Victoria Island, ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Àkùngbá, tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà, ló wà láàárín. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣàwàdà. Nítorí náà, a ti mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ kí a tó wọ ibẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ju tiwa lọ tí owó wọn fi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tí kò tíì lọ. Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú bọ́tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohun kékeré kan wá tí a kò béèrè, tí kò tó òkèlè kan. Ẹ̀bùn láti ilé ìdáná ni, kí ẹnu lè yá gágá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbín dé, mẹ́fà péré, wọ́n fi bọ́tà àti áyù sè é. Pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀lé e. Wàràkàṣì tẹ̀lé pẹ́pẹ́yẹ. Ohun dídùn ló kẹ́yìn. A lò ju wákàtí méjì lọ. Kò sí ẹni tó sáré, kò sí ẹni tó lé wa dìde. Owó tí àwa méjì san ju ₦70,000 lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ láti ọdún 2024.

Nígbà tí màmá mi pè mí lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún wọn.

“Kí lo wá jẹ níbẹ̀?”

“Ìgbín ni, Màámi.”

“Mélòó?”

“Mẹ́fà.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Mẹ́fà. Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ṣa á fún ọ?”

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ wọ́n kò mọ̀ pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ ni wọ́n béèrè yẹn. Torí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ fún wa. Wéítà sọ irú ìgbín tó jẹ́, ó sọ agbègbè Faransé tí wọ́n ti ń sè é bẹ́ẹ̀, ó sọ ìdí tí áyù fi wà níbẹ̀. Apá kan owó tí a san, owó ìtàn ni.

Oúnjẹ tálákà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé oúnjẹ ọba ni gbogbo oúnjẹ Faransé. Rárá o. Lóòótọ́, lẹ́yìn ìjà gbòǹgbò tó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1789, àwọn kan nínú àwọn alásè tó ń dáná fún àwọn ọlọ́lá lọ ṣí ilé oúnjẹ tiwọn ní Paris. Àmọ́ ẹ wo àwọn oúnjẹ tó lórúkọ jù lọ. Coq au vin, àkùkọ tó ti gbó ni. Ẹran rẹ̀ le, àwọn àgbẹ̀ sì ní láti sè é pẹ́ nínú wáìnì kó tó lè ṣeé jẹ. Cassoulet, ẹ̀wà funfun àti ẹran ni, oúnjẹ àwọn ará oko. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń pè ní confit, ọgbọ́n ìtọ́jú ẹran ni kí ẹ̀rọ amóhuntutù tó dé: wọ́n á sè é nínú ọ̀rá ara rẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá náà kó má bàa bàjẹ́, bí àwa náà ṣe ń yan ẹran lórí iná kó lè pẹ́. Bouillabaisse, ọbẹ̀ àwọn apẹja Marseille ni. Ẹja tí wọn kò rí tà ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò.

Kódà bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn kì í ṣe ti Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kan rí, gbogbo àwo ni wọ́n ń kó sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti òde ìnáwó wa. Ọdọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n ti rí i kọ́ láàárín ọdún 1800 sí 1900. Títí di òní, “bí ti Rọ́ṣíà” ni wọ́n ń pè é.

Kí ló wá yí ọbẹ̀ apẹja padà di ohun tí èèyàn ń fi owó ńlá jẹ? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1903, Auguste Escoffier tẹ ìwé kan jáde tó kó ọ̀nà ìsebẹ̀ rẹpẹtẹ jọ. Òun náà ló ṣètò bí ilé ìdáná ńlá ṣe ń pín iṣẹ́, kí oníkálukú mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tún fi òfin dè é. Láti ọdún 1925 ni òfin Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ wàràkàṣì Roquefort; ẹnikẹ́ni kò kàn lè ṣe wàràkàṣì kó fi orúkọ yẹn pè é. Lọ́dún 1957, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún adìyẹ Bresse. Adìyẹ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Lọ́dún 1980, àwọn onílé oúnjẹ kan ní Marseille jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú bouillabaisse, kí ẹnikẹ́ni má bàa ta ayédèrú fún àlejò. Nígbà tó di ọdún 2010, UNESCO fi ètò oúnjẹ Faransé sára àwọn àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìyá Brazier

Obìnrin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Eugénie Brazier ni orúkọ rẹ̀. Abúlé ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1895, nítòsí Bourg-en-Bresse. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì di ọmọ ọ̀dọ̀ ní oko olóko. Ó lóyún láìlọ́kọ, bàbá rẹ̀ lé e jáde. Ó gba ìlú Lyon lọ, ó ń tọ́jú ọmọ fún ẹbí kan, ó sì wọ ilé ìdáná láti ibẹ̀. Lọ́dún 1921, ó ṣí ilé oúnjẹ kékeré tirẹ̀. Lọ́dún 1933, ilé oúnjẹ rẹ̀ méjèèjì gba ìràwọ̀ Michelin mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́fà lápapọ̀! Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀, ó sì di ọdún 1998 kí Alain Ducasse tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ilé oúnjẹ náà ni La Mère Brazier. Ní èdè wa, Ìyá Brazier. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń sọ pé “mò ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníyán” náà ni àwọn ará Lyon ṣe ń sọ pé àwọn ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Paul Bocuse, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó fún wàrà màlúù níbẹ̀, ó tọ́jú ọgbà ẹ̀fọ́ níbẹ̀.

Ìràwọ̀ Michelin tí à ń sọ yìí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ọkọ̀ ló ni ín. Lọ́dún 1900, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń wa mọ́tò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè rí oúnjẹ, ibùsùn àti ẹni tí yóò bá wọn tún mọ́tò ṣe. Bí èèyàn bá ṣe ń rìn tó ni táyà ṣe ń jẹ tó. Lọ́dún 1926 ni ìràwọ̀ dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn: ìràwọ̀ kan, oúnjẹ ibẹ̀ dára gan-an, ìràwọ̀ méjì, ó tó kí o torí rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ, ìràwọ̀ mẹ́ta, ó tó kí o torí rẹ̀ rìnrìn àjò.

Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Àwọn awakọ̀ tó ń gba Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ kọjá sí Kàbà àti Lọ́kọ́ja ti ń fún àwọn ìyá wa ní ìràwọ̀ tipẹ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ bi dírẹ́bà èyíkéyìí ibi tí iyán ti dára, yóò sọ fún yín, yóò sì sọ irú ọbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè. Tí ẹ bá bi í pé kí ni orúkọ ìyá náà, yóò ní: “Ìyá Oníyán ni.”

Iyán kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ

Ẹ jẹ́ ká wo iyán Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà bí wéítà yẹn ṣe bá wa wo ìgbín. Iṣu ló ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo iṣu ló ń ṣe iyán. Ewùrà lómi jù. Ẹni tó bá fi gún iyán yóò rí ohun tó ń ṣàn. Iṣu tuntun náà ṣì lómi lára, ìyá tó mọṣẹ́ á sì mọ bí òun ṣe máa din omi kù sí i. Nígbà tí iṣu bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú àká, tí omi ara rẹ̀ ti fà, ìgbà yẹn ni iyán rẹ̀ ń le dáadáa. Àwọn ìyá yìí á fọwọ́ gbé iṣu, wọ́n á wo ìdí àti orí rẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ bóyá ó máa ní kókó. Ẹni tó ń tọ́ wáìnì wò kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sísè ló kàn. Tí kò bá jinná tó, kókó dé. Tí ó bá jinná jù, ó ti fa omi. Tí wọ́n bá dà á sínú odó, wọn kì í kọ́kọ́ fi agbára gún un. Wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó má bàa fò káàkiri. Lẹ́yìn náà ni agbára ń bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń gún un nínú odó kan, ọmọ odó wọn á máa tẹ̀ léra bí ìlù. Ẹni tó bá ṣìṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa gún. Omi gbígbóná díẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á tún gún un, títí yóò fi máa fà, tí yóò sì máa dán. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kó tó tutù. Ta ló wá sọ pé iṣẹ́ tó wà nínú pẹ́pẹ́yẹ ju èyí lọ?

Òwe wa ti fi iyán sípò rẹ̀ tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Nàìjíríà nìkan sì ló ń gbin ohun tó ju ìdajì iṣu gbogbo àgbáyé lọ. Adìyẹ Bresse ní òfin tirẹ̀. Iyán Àkókó kò ní nǹkan kan.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nígbà tí mo bá lọ sílé báyìí, ìró odó tí mò ń gbọ́ láàárọ̀ ti dín kù. Àwọn ọmọ tó ń gún iyán nílé oúnjẹ ti ń lọ sí ìlú ńlá, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ náà le, owó rẹ̀ kéré. Àwọn ibòmíràn ti ń lo ẹ̀rọ. Àwọn kan ń ro póńdò nínú omi gbígbóná, wọ́n sì ń pè é ní iyán. Èmi kò bá ẹ̀rọ jà, ẹ̀yìn ń dun àwọn ìyá. Àmọ́ ẹni tó ń ra oúnjẹ yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Tí àwọn ìyá tó mọ iṣu wò bá sì lọ, tí kò sẹ́ni tó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oúnjẹ wa kò lè dé orí tábìlì ńlá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé oúnjẹ méjì tó ń se oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní London gba ìràwọ̀ Michelin lọ́jọ́ kan náà. Akoko ni wọ́n ń pe ọ̀kan. Aji Akokomi ló dá a sílẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo bí inú wa ṣe dùn tó nígbà tí a rí orúkọ tó jọ ti ilẹ̀ wa nínú ìròyìn yẹn! Ìkejì ni Chishuru, ti Adejoké Bakare. Obìnrin yìí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ alásè. Ó borí nínú ìdíje kan ní Brixton lọ́dún 2019, ó ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ lọ́dún 2020, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Hausa ni Chishuru; ó túmọ̀ sí bí ibi gbogbo ṣe ń dákẹ́ tí oúnjẹ bá dé.

Ní Faransé fúnra rẹ̀, Georgiana Viou, ọmọ Kútọnu, gba ìràwọ̀ lọ́dún 2023 ní ilé oúnjẹ Rouge ní ìlú Nîmes. Ọmọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ló lọ dáná fún àwọn Faransé nílé wọn, tí wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀.

Gbogbo wọn yìí, òkè òkun ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìwé Michelin kò tíì dé Nàìjíríà. Mi ò sì rò pé ó yẹ ká jókòó máa dúró dè é.

Kí la lè ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lọ o. Bọ́mọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sóko tó tó ti bàbá òun. Àmọ́ ẹ má yáwó lọ jẹ ìgbín. Ẹ wo iye owó kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì rántí pé VAT 7.5% àti owó ìsìn lè gun orí iye tí ẹ rí. Tí ẹ kò bá mọ ohun tí wọ́n kọ ní Faransé, ẹ bi wéítà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ sì wà nínú ohun tí ẹ ń san. Tí fọ́ọ̀kì bá pọ̀, láti ìta ni kí ẹ ti máa mú un wọlé. Tí wọ́n bá bu wáìnì díẹ̀ fún yín kí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má bẹ̀rù. Ṣebí nílé wa náà, ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún àlejò.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fi ń sanwó ní Victoria Island jọ èyí tí ẹ fi ń sanwó ní Ìkàrẹ́. Kò sí ẹni tó ń ná ọjà pẹ̀lú wéítà. A kì í sọ fún un pé kó fi ẹyọ ìgbín kan kún un. Àmọ́ tí a bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníyán, a ó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin Màmá, ẹ fi pọ̀ǹmọ́ kan sí i. Ẹran yìí mà kéré. Ó ti wọ́n jù.” Ìyá tó jí láàárọ̀ kùtùkùtù, tó gbé iṣu, tó gún un, là ń bá ṣe èyí. Ọmọ tó ń gbé ọmọ odó lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè dúró tí owó ibẹ̀ kò bá tó gbọ́ bùkátà.

Ìkẹta, àwọn tó ń ta iyán ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lè ṣe ohun tí àwọn ará Marseille ṣe lọ́dún 1980. Kò gba owó ìjọba. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fẹnu kò pé: ohun tí a bá pè ní iyán Àkókó, iṣu gidi ni, odó ni a fi gún un, ẹni tó bá lo ẹ̀rọ tàbí póńdò, kó sọ fún oníbàárà, kó sì dá iye rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó síwájú ilé oúnjẹ wọn. Ìwé kan péré ni.

Ìkẹrin, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àkùngbá, fóònù wà lọ́wọ́ yín, àwọn ìyá yìí sì wà ní ọ̀tún àti òsì yín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra iyán wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ bi wọ́n nípa orúkọ iṣu tí wọ́n fẹ́ràn, oko tó ti wá, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná, ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Escoffier kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wálé fún ọdún ńkọ́? Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò iyán yẹn bí ẹ ṣe ya ti ìgbín, àmọ́ ẹ má kọ “iyán ilé” lásán sábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ìyá tó gún un. Tí ó bá gbà kí ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́. Ohun tí a ní là á náání.